Sàláàdì máńgòrò, tòmátì àti wàrà fún ìgbà ooru l'Ékìtì

Bí ènìyàn bá dárúkọ sàláàdì l'Ékìtì, kábéèjì rírẹ́ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, kùkúḿbà, ẹyin sísè, ẹ̀wà inú agolo, àti kírímù tí wọ́n dà lé e lórí títí tí a ò fi mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Sàláàdì òde ìnáwó nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni àyè rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é lónìí kò ní kábéèjì, kò sì ní kírímù. Èso ni, tòmátì ni, wàrà ni, pẹ̀lú ewé efinrin díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Kò gba iná kankan àfi èyí tí ẹ máa fi se wàrà, ẹ sì lè ti parí ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Oúnjẹ ọ̀sán ni, láti oṣù Èrèlé títí dé oṣù Igbe, nígbà tí oòrùn bá mú débi pé àpáta tó yí Ìkẹ́rẹ́ ká á ṣì máa tú ooru jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Nírú àkókò yẹn, iyán gan-an kì í fẹ́ẹ́ lọ lọ́fun lọ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ sókè níbi tí àwọn àgbà Èkìtì bá jókòó sí. Àwọn tó ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú, wọn ò dárúkọ sàláàdì. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ gúgúrú ná.

Àwọn ará Gíríìsì àti Ítálì ló gbajúmọ̀ fún irú oúnjẹ yìí. Ní Gíríìsì, bàrà olómi ni wọ́n máa ń jẹ pẹ̀lú fẹ́tà, ìyẹn wàrà àgùntàn tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, nígbà míì tí wọ́n da mílíìkì ewúrẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ní Ítálì, tòmátì ni wọ́n ń tò pọ̀ mọ́ mozzarella, ìyẹn wàrà tiwọn tó rọ̀, àti ewé basil, orúkọ erékùṣù Capri ni wọ́n sì fi ń pe oúnjẹ náà. Ìgbà ooru tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Òkúdù dé oṣù Ògún. Lákòókò yẹn, òjò ló ń rọ̀ l'Ékìtì, tòmátì ti gbówó lórí, máńgòrò sì ti kọjá. Ẹ má ṣe tẹ̀lé kàlẹ́ńdà wọn. Ohun tó wà lórí àtẹ lọ́jà ni kí ẹ tẹ̀lé.

Láti ọdún 2002 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é pé Gíríìsì nìkan ló lè ta wàrà tó ń jẹ́ fẹ́tà. Ìyẹn ò kàn wá. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà fún wa tó iṣẹ́ náà ṣe, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń fún un níyọ̀. Lójú tèmi, iyọ̀ ló ni gbogbo oúnjẹ yìí. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa lò ó: ti wàrà, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ti tòmátì, ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó tò ó, ti èso, ìgbà tí àwọn tó fẹ́ jẹun bá ti jókòó tán. Ẹni tó bá wọ́n iyọ̀ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá gbé e kalẹ̀ láti lọ wẹ̀, omi pupa ló máa bá nínú abọ́ nígbà tó bá padà dé.

Ohun tí ẹ máa rà fún ènìyàn mẹ́rin

- Wàrà tútù, nǹkan bí 250 gíráàmù
- Tòmátì tó le dáadáa, 5 tàbí 6
- Máńgòrò pípọ́n, 2
- Ìdá kan nínú mẹ́rin bàrà olómi kékeré kan
- Àlùbọ́sà pupa kékeré kan
- Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta
- Ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé efinrin, 6 sí 8
- Òróró, ṣíbí ìjẹun 3
- Oyin, ṣíbí tíì 1
- Ẹ̀pà yíyan tàbí kaṣú yíyan, ẹ̀kúnwọ́ kan
- Iyọ̀ àti ata gígún

Wàrà

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà ni pé wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á fún oje bọmúbọmú sí i, mílíìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi á sì yà kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á wá kó èyí tó dì sínú asẹ́ kékeré kí omi tó kù lè ro dànù. Inú asẹ́ yẹn ló ti ń rí roboto. Bí wọ́n bá fi iyọ̀ sí i rárá, kì í tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí wàrà fi máa ń tẹ́ lẹ́nu bí a bá jẹ ẹ́ láìdín. Ohun tó fi dára ju ọ̀pọ̀ ṣíìsì òkè òkun lọ ni pé kì í yọ́ lórí iná. Ẹ sè é o, ẹ dín in o, bó ṣe rí náà ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sè é nínú omi iyọ̀ láìbẹ̀rù pé ó máa di ẹ̀kọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ ra wàrà, ì báà jẹ́ Ọjà Ọba l'Ádó ni ẹ ń ná tàbí ọjà ìlú tiyín. Èyí tó ti wà nínú abọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru ti ń kan nìyẹn. Ẹ wo omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, kó má máa fà, kó má sì hó. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn mílíìkì ló yẹ kó máa jáde, kì í ṣe òórùn kíkan. Ẹ rọra fi ìka tẹ ẹ́. Bó bá le díẹ̀ tó sì padà sípò, ó dára. Ẹ béèrè pé, "Ìyá, ti òwúrọ̀ yìí ni àbí ti àná?" Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ, wọn kì í sì í purọ́ fún oníbàárà tó ń padà wá. Wàrà díndín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dùn, mo mọ̀, ẹ rà á kí ẹ máa jẹ ẹ́ bọ̀ nílé, ṣùgbọ́n tútù ni a nílò.

Ẹ má ṣe gé wàrà ọjà sínú sàláàdì láìsè é. Lóòótọ́, iná ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti kàn án, eṣinṣin ti bà lé e, a ò sì mọ ibi tí omi inú abọ́ náà ti wá. Mílíìkì màlúù tí kò jinná dáadáa sì lè kó àìsàn ran ènìyàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń bá màlúù jà wà lára wọn. Bí a ṣe máa ṣe é nìyí:

Ẹ da omi lítà kan sínú ìkòkò, ìyẹn omi inú ọ̀rá méjì tó jẹ́ ìlàjì lítà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí náà kó lè tẹ́jú, torí ṣíbí tó kún gegele lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì. Bí omi bá ti hó, ẹ gé wàrà sí ìwọ̀n páálí ìṣáná, ẹ kó o sínú rẹ̀, kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má yọ wàrà kúrò nínú omi rẹ̀. Inú omi náà ni kó ti tutù, torí wàrà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí máa ń gbẹ lára, á sì le. Bó bá ti tutù tán, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ á ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ló máa fún un ní ìkan díẹ̀ tí fẹ́tà ní, tí wàrà tiwa kò ní.

Láàárọ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù tó mọ́ fún ìṣẹ́jú 15, á bọ̀ sípò. Àmọ́ kí ẹ rántí pé kò ní dá nìkan wà lẹ́nu: èso dídùn ló máa bá pàdé, nítorí náà kí iyọ̀ rẹ̀ ṣì máa hàn díẹ̀.

Tí kò bá sí iná mọ̀nàmọ́ná lóru, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò tí ẹ fi sè é, pẹ̀lú ìdérí, níbi tó tutù jù lọ nínú ilé, kí ẹ tún gbé e kaná láàárọ̀ kó hó dáadáa, kó wá tutù kí ẹ tó lò ó. Ọ̀nà tí àwọn tó ń tà á fi ń tọ́jú rẹ̀ náà nìyẹn: wọ́n á máa sè é ní àsètúnsè. Òru ọjọ́ kan péré ni mo ń sọ o.

Ibi tí wàrà kò bá sí lọ́jà lọ́jọ́ náà, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ gbé lítà kan mílíìkì màlúù kaná. Bí kò bá sí, ẹ po 130 gíráàmù mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, èyí tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀, mọ́ omi lítà kan. Ẹ máa rò ó kó má jóná nísàlẹ̀. Bó bá ti fẹ́ máa ru sókè, ẹ dín iná kù, ẹ máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Ẹ máa rí i tó ń pínyà: funfun lọ́tọ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè lọ́tọ̀. Ẹ pa iná, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wá dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́ tí ẹ tẹ́ sínú asẹ́. Ẹ da omi tútù lé e lórí kí ìkan ọsàn lè dín kù, ẹ ká aṣọ náà bò ó, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e lórí fún wákàtí kan. Ọmọ ọlọ tí ẹ fọ̀ mọ́ dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Lítà kan kì í fún wa ju nǹkan bí 150 sí 200 gíráàmù lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá kéré. Ẹ ka ara páálí tàbí agolo mílíìkì lẹ́búlẹ́bú náà kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n fi òróró ewéko pò kì í dì dáadáa. Wàrà ilé yìí máa ń tú ju ti Fúlàní lọ, ẹ má sè é nínú omi iyọ̀, ẹ kàn wọ́n iyọ̀ sí i kí ẹ tó ká aṣọ bò ó.

Bọmúbọmú ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Oje rẹ̀ lóró, bó bá sì ta sí ènìyàn lójú, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn.

Tòmátì

Tòmátì ìbílẹ̀ wa, èyí tó rí pẹlẹbẹ tí ara rẹ̀ ní ìlà, dára fún ọbẹ̀. Ó kan, ó sì lómi púpọ̀, ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi dára níbí. Èyí tó gùn díẹ̀, tí ẹran ara rẹ̀ nípọn tí kóró rẹ̀ kò sì pọ̀, tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni kí ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí ìyá alátẹ kó o sínú ọ̀rá fún yín láìwò. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣà á, kó pupa, kó le, kó má ní ibi tó ti tẹ̀ wọnú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ti fara pa lọ́nà. Wọ́n dín owó, ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀.

Ẹ má gbé tòmátì sínú fíríìjì. Òtútù máa ń pa adùn rẹ̀. Orí tábìlì ló yẹ kó wà, kí ẹ dojú ibi tí igi rẹ̀ wà délẹ̀.

Ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kí ẹ máa fọwọ́ ra á. Omi iyọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rẹ ewébẹ̀ sí kì í pa gbogbo kòkòrò àìsàn. Omi tó mọ́ àti ọwọ́ tó ń ra nǹkan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Omi tí ẹ lè mu ni kí ẹ fi fọ ohunkóhun tí iná kò ní kàn.

Ẹ la tòmátì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹ tún gé ìlà kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ kó wọn sínú asẹ́, kí ẹ gbé asẹ́ náà lé abọ́ lórí, ẹ wọ́n iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, ẹ fọwọ́ dà á pọ̀. Ìṣẹ́jú 15. Iyọ̀ á fa omi jáde, ohun tó bá kù sínú asẹ́ á dùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tó ro sínú abọ́ nísàlẹ̀, ẹ má dà á nù, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Bí tòmátì bá wọ́n, ẹ dín in kù kí ẹ fi máńgòrò kún un. Ẹ ò ní gbàgbé ọdún 2016, tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ míì lókè ọya run, tí tòmátì sì di ohun tí a ń kà níkọ̀ọ̀kan. Tòmátì méjì pẹ̀lú máńgòrò mẹ́ta, sàláàdì náà ni.

Èso

Máńgòrò ni olórí. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ kò pọ̀ ni kí ẹ wá. Èyí tó kún fún fọ́nrán, ẹ mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ẹ máa fà á mu, kò ṣeé gé. Kó pọ́n, ṣùgbọ́n kó má tíì rọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí igi rẹ̀ tó gbà díẹ̀, tó sì ń ta sánsán, òun nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú níta láìsí òórùn kankan, tí inú rẹ̀ sì le tó funfun bí ẹ bá là á: káábáìdì ni wọ́n sábà máa ń fi mú irú rẹ̀ pọ́n. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra, torí èròjà olóró bíi arsenic lè wà nínú káábáìdì náà. Èyí tó já bọ́ lábẹ́ igi ní àdúgbò yín sàn jù ú lọ fíìfíì.

Bí a ṣe ń gé e: ẹ gbé e dúró, ẹ fi ọ̀bẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kóró rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ara ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbú àti ní òró láìgé èèpo rẹ̀, ẹ wá fi ṣíbí gbá a jáde. Kóró tó kù, ti ẹni tó ń dáná ni.

Bàrà olómi: ẹ fọ èèpo rẹ̀ kí ẹ tó là á. Àwọn ènìyàn máa ń ní ṣebí a ò jẹ èèpo, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó wà lára èèpo ni ọ̀bẹ máa gbé wọ inú. Lọ́jà, ẹ wá èyí tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tí ibi tó fi sùn sílẹ̀ lóko sì ti pọ́n bí ìyeyè. Bí ibẹ̀ bá funfun, wọ́n ti tètè já a. Ẹ gé e sí ìwọ̀n tó lè wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tutù. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án títí tí ẹ fi máa gbé oúnjẹ síwájú àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi èso míì dípò, agbálùmọ̀ dára púpọ̀ títí di oṣù Igbe, ìkan rẹ̀ bá wàrà mu gan-an. Ẹ yọ kóró àti èèpo rẹ̀, ẹran inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Ọsàn dídùn náà dára bí ẹ bá bó gbogbo awọ funfun ara rẹ̀ kúrò. Gúáfà tó le díẹ̀ kò burú.

Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn. Àwọn méjèèjì ní èròjà kan tó máa ń tú ẹran àti mílíìkì. Òun náà ló mú kí àwọn kan máa fi ìbẹ́pẹ dúdú se ẹran tó yi. Bí ẹ bá dà wọ́n mọ́ wàrà tí ẹ sì fi í sílẹ̀, wàrà á rọ̀, á sì korò. Tó bá jẹ́ ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni ọkàn yín fà sí, ẹ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àwo, kí olúkúlùkù dà á pọ̀ nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò yẹ níbẹ̀ rárá, kíá ló máa ń dúdú. Ní ti èso kaṣú, a kúkú mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré, pé kaṣú àti mílíìkì kì í bára wọn gbé inú. Ohun tó máa ń há ènìyàn lọ́fun nínú kaṣú lè mú kí mílíìkì dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi yọ ọ́ kúrò. Ohun tó jẹ́ kí n yọ ọ́ ni pé bí ẹ bá gbé e síwájú àlejò Èkìtì, kò ní jẹ ẹ́, gbogbo wàhálà yín á sì já sí asán.

Àlùbọ́sà, efinrin àti omi ọsàn

Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ kan lé e lórí, ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí tòmátì ń ro lọ́wọ́. Á pupa rẹ́súrẹ́sú, ata inú rẹ̀ á sì rọlẹ̀.

Ìbátan basil àwọn ará Ítálì ni efinrin wa jẹ́, ṣùgbọ́n tiwa lágbára jù ú lọ. Ewé tó ti gbó máa ń korò, ọ̀jẹ̀lẹ́ tó wà lórí ni kí ẹ já. Ẹ fọwọ́ ya á wẹ́wẹ́ kété tí ẹ bá fẹ́ lò ó, torí èyí tí a fi ọ̀bẹ rẹ́ sílẹ̀ máa ń dúdú. Mẹ́jọ ti tó. Ẹni tó bá já ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, oògùn inú rírun ló ń ṣe, kì í ṣe sàláàdì.

Omi tòmátì tó wà nínú abọ́ yẹn wá di ohun èlò báyìí. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan àti ààbọ̀ tó kù sínú rẹ̀, ẹ fi oyin ṣíbí tíì kan sí i, ata gígún díẹ̀, ẹ wá máa da òróró ṣíbí mẹ́ta sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fi fọ́ọ̀kì pò ó. Ẹ má tún fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ ti wà nínú omi tòmátì.

Òróró ólífì ló dára jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ọ̀pọ̀ wa mọ òróró ólífì sí òróró àdúrà, inú ìgò kékeré. Ẹ wo ara ìgò náà dáadáa: bí wọ́n bá ti fi lọ́fíńdà sí i, orí ni wọ́n ń fi í pa, ẹ má dà á sínú oúnjẹ. Bí ti jíjẹ kò bá sí, òróró ẹ̀pà tó mọ́ tí wọn kò tíì fi dín nǹkan lè rọ́pò rẹ̀. Epo pupa kò bá a mu, mo ti rí ẹni tó dán an wò.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò. Abọ́ jíjìn máa ń jẹ́ kí èyí tó wà lókè tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, omi á sì pọ̀.

1. Ẹ gbọn asẹ́ tòmátì kí omi tó kù lè ro, ẹ tò ó sórí àwo.
2. Ẹ tò máńgòrò àti bàrà sáàárín rẹ̀. Ẹ má pò ó, ẹ tò ó.
3. Ẹ yọ wàrà kúrò nínú omi iyọ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún, ẹ fọwọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí a fọwọ́ fọ́ máa ń gba omi ọsàn mọ́ra ju èyí tí a fi ọ̀bẹ gé lọ.
4. Ẹ wọ́n àlùbọ́sà, efinrin àti ẹ̀pà sí i.
5. Ẹ pe àwọn tó fẹ́ jẹun. Bí wọ́n bá ti jókòó, ẹ da omi ọsàn náà yíká, ẹ wá fi ìka méjì wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sórí èso.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹn ló ṣòro jù l'Ékìtì, torí ẹni tí wọ́n bá ní kó wá jẹun á kọ́kọ́ ní òun ń bọ̀. Ẹ má da omi ọsàn sí i títí ẹ óò fi rí i lórí àga.

Kí la lè fi jẹ ẹ́? Àsun ni mo fẹ́ràn jù: ata àti èéfín àsun á máa jó ẹnu, bàrà tútù á sì máa pa á. Dùndún gbígbóná náà dára, tàbí ẹja yíyan. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lásán, búrẹ́dì ló yẹ, kí ẹ lè fi nu omi tó bá kù nínú àwo.

Tó bá jẹ́ ti òde ni, ẹ ṣọ́ra. Ẹ gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ lọ́tọ̀ nínú ike oníderí pẹ̀lú yìnyín lábẹ́ rẹ̀, wàrà nínú omi iyọ̀ rẹ̀, tòmátì láìtíì fi iyọ̀ sí i, omi ọsàn nínú ìgò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tò ó, àwo kékeré lẹ́yìn àwo kékeré, kì í ṣe agbada ńlá kan. Nínú ooru irú èyí, oúnjẹ tó ní wàrà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ lórí tábìlì.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àwo kò ṣeé tọ́jú di ọjọ́ kejì. Tòmátì á ti rọ̀, bàrà á ti dómi. Wàrà inú rẹ̀ nìkan ni ẹ lè ṣà jáde kíákíá, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ gbá omi ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ dín in tàbí kí ẹ fi sínú ẹ̀fọ́ rírò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí tí ẹ kò tíì yọ kúrò nínú omi iyọ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fíríìjì bí iná bá dúró. Bí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ máa gbé e hó láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì. Bí omi rẹ̀ bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, àti omi àti wàrà, ẹ dà á nù.